Ọjọ́ Tí Mo Wakọ̀ Gba Orí Àpáta Gbé Bàbá Mi Dé Ojú Ààlà

Òórùn láfún tí oòrùn ń pa lórí àpáta ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti súnmọ́ oko wa. Bí o bá ti gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ̀ rí nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìwọ náà á mọ òórùn tí mò ń wí: ó kan díẹ̀, ó gbóná, ó sì máa ń gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọlé kí o tó rí ẹni tó sá a. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ta sí mi nímú ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ yìí, nítorí orí àpáta yẹn la ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tó pè é, ló máa ń ru pákí rírẹ gun ibẹ̀, èmi a sì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgbálẹ̀ láti gbá ojú àpáta mọ́ kí a tó sá a. Mo ti fi ọwọ́ mi gbá ibẹ̀ láìmọye ìgbà kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè fi taya tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ o. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ ẹ́. O ti máa rò pé ọkùnrin kan ló wà nídìí sítíárì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó èrè oko láti inú abà jáde: kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, pákí, iṣu, ohunkóhun tí ọkọ̀ kékeré kò bá lè dé ibi tó wà. Fọ́-wíìlì àlòkù kan, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ni mo ń wà, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan kì í sì í ṣí láti inú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní ẹlẹ́gbẹ́. Àwọn awakọ̀ gáréèjì máa ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin. Wọ́n rò pé èébú ni. Mo ní kí akunlé kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ni wọ́n bá pa ẹnu mọ́.

Bàbá mi ní oko kòkó kan lẹ́yìn àpáta náà. Ní ọwọ́ òkè oko yẹn, ilẹ̀ kan wà tí àwa náà ń dá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá, títí lọ dé ìdí òkúta ńlá kan. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ti kú tipẹ́. Opó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá dìde pé ilẹ̀ òkè náà, tiwọn ni. Háà! Àbúrò mi ọkùnrin, tíṣà ni ní Ìkẹ́rẹ́, fò sókè. "Ilẹ̀ tí bàbá wa fi tọ́ wa? Láyé!" Ó lọ bá ẹbí, ó lọ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí bàbá òun yanu ná, ọ̀rọ̀ á tán. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Ibi tí ìyá mi ti ń wú pákí tó fi ra ìwé fún mi, kí ẹnìkan wá ní tòun ni?

Baálẹ̀ abà ló dá ọjọ́. Ó ní kí tọ̀tún-tòsì pàdé lójú ààlà, kí bàbá mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níbẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ilẹ̀ wa dé, nítorí nínú àwọn tí wọ́n jọ wọn ilẹ̀ náà nígbà ọjọ́un, òun nìkan ló kù láyé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní abà tiwa nìyẹn. Wọn kì í rán ọmọ lọ fi ààlà hàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń rìn dé ibẹ̀. Àbúrò mi ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá sọ ọ́ lórí fóònù. Baálẹ̀ ní, "Ṣé fóònù ní ẹsẹ̀ ni?" Wọ́n ti yẹ ọjọ́ náà rí nítorí orúnkún tó ń dun bàbá mi, baálẹ̀ sì ti fi orí ilẹ̀ búra pé òun ò ní yẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá wá lòun máa gbọ́ tiẹ̀, ẹni tí kò bá wá, kó má bínú.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ojú bàbá mi ń ṣú lọ. Nígbà yẹn ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji èèyàn tó bá dúró níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ojú ti sọ fún wa láìfi bò pé ìwọ̀nba tó kù náà á lọ. Bí a bá tún wá sún ọjọ́ ààlà síwájú, ta ni yóò fi ojú mọ ààlà? Àfi kí òjò àrọ̀kúrò wá rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ó gbá afárá igi tó wà lọ́nà oko lọ ráúráú. Ọ̀kadà kò lè kọjá, ẹsẹ̀ bàbá mi kò sì lè wọ odò.

Ní ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, àbúrò mi ní ká fi sílẹ̀, òun á lọ bẹ baálẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ti wọ dàǹṣíkí, ó ti dé fìlà. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò lóko, ṣùgbọ́n ahọ́n abà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Inú ulé ni kí n jókòó sí kí wọ́n máa pín oko lẹ́yìn mi? Ẹ gbé mi dé ojú ààlà." Ohun tó ń sọ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn, kì í fi nǹkan kan lé e: ẹ gbé mi dé ojú ààlà.

Mo ní, "Ọ̀nà kan ò wọjà. Màá gba orí àpáta."

Àbúrò mi wò mí bí ẹni tó rí wèrè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ewúrẹ́ ló ń gba ibẹ̀!"

"Ewúrẹ́ náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin," mo dá a lóhùn. "Wọlé, àbí kí o máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀."

Níbi tí ọ̀nà abà ti yà kúrò nínú igbó tíìkì, mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Taya tó bá le ganrangan, fífò ló máa ń fò lórí òkúta. Èyí tó bá rọ̀ díẹ̀ a máa gbá a mọ́ra. Àbúrò mi yọrí láti ẹ̀yìn, ó ń bi mí pé kí ló dé tí mò ń ba taya tó dáa jẹ́. "Tíṣà," mo ní, "kọ́ àwọn ọmọ ẹ ní tìrẹ." Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ọ̀gbàrá ló kọ́kọ́ pàdé wa. Òjò ti gbẹ́ àárín ọ̀nà títí ó fi jìn dé àyà èèyàn, ó sì ti kó òkúta dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Kò sí àyè tó gba ọkọ̀ lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì, àfi kí ọkọ̀ ya ẹsẹ̀, kí ọ̀gbàrá náà wà láàárín rẹ̀. Mo gbé taya òsì lé bèbè, mo gbé tọ̀tún lé orí òkúta, mo ki í sí gíà kékeré, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá. Ibi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣìṣe nìyẹn. Bí ẹ̀rù bá ti bà wọ́n, wọn á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn á wá máa pariwo pé ayé ló ṣe wọ́n. Gíà kékeré kì í kánjú, má kán an lójú, jẹ́ kó máa wọ́ lọ. Ọkọ̀ náà fì, ó fì sí apá ọ̀tún títí mo fi ń rí kìkì ilẹ̀ láti ojú fèrèsé bàbá mi. Òkúta kan ha abẹ́ wa gbàràrà. Mo gbọ́ tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù lẹ́yìn, ó ń kà á sáré.

Bàbá mi ò mira. Ó kàn sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n."

Ẹ̀rín pa mí débi pé díẹ̀ ló kù kí n yà sí inú kòtò. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ara mi balẹ̀.

Nígbà tí a yọ sórí àpáta gan-an, àwọn obìnrin abà ti tẹ́ láfún wọn sílẹ̀ lọ súà, ó funfun báláú. Àbúrò mi ní ọ̀nà ti dí. Mo ní ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Jẹ́ kí n là á yé ẹ. Àpáta yẹn, kì í ṣe gbogbo ojú rẹ̀ ló dáa. Ibì kan wà níbẹ̀ tí omi máa ń sun jáde lábẹ́ rẹ̀ láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń ní ìlà dúdú gbọọrọ, ó sì máa ń yọ̀ bí ilá. Ibòmíràn wà tí ojú òkúta náà ti bó bí èèpo, tó dàbí pé ó le, àmọ́ tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Obìnrin kan kì í sá láfún síbẹ̀: ti àkọ́kọ́ á mú kí láfún bu, ti èkejì á máa là, iyanrìn á kó wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí o bá ti rí funfun, òkúta gidi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Etí láfún ni mo tọ̀. Mo kí wọn, "Ẹ kú uṣẹ́ o!" wọ́n ń pariwo orúkọ ọkọ̀ mi, ìyá arúgbó kan sì fi ìgbálẹ̀ fa tirẹ̀ sẹ́yìn kí taya mi lè rí àyè kọjá. Ọ̀gá awakọ̀ wo ló ní irú ọlọ́pàá ojú pópó bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n láfún parí kí àpáta tó parí. Ní ìsọ̀kalẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tó ṣófo àti ibi tó ń yọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, ọ̀nà tóóró kan ló sì wà láàárín wọn. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo mú irin tí a fi ń tú taya, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń kan ilẹ̀ níwájú ọkọ̀. Bàbá mi yí fèrèsé sílẹ̀. Mo rí i tó di ojú méjèèjì, ó gbé etí síta.

"Kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní. "Rárá, ìyẹn ṣófo. Sún mọ́ apá ọ̀dọ̀ mi. Kàn án. Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn ń dáhùn dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ, èmi ń kàn, òun ń dájọ́, àbúrò mi ń gbé òkúta kéékèèké lé ibi tí bàbá bá ti fọwọ́ sí. Mo gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, gbogbo wa la ti ń ṣe bàbá bí ẹyin, à ń bu omi fún un, à ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tó ń bi í ní nǹkan kan mọ́. Lórí àpáta yẹn, òun ni ọ̀gá, ohùn rẹ̀ sì padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí a wà ní kékeré.

Mo padà sídìí sítíárì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo gbé taya tẹ̀ lé àwọn òkúta kéékèèké náà, mo kọ orí ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ tààrà, n ò yí i, n ò sì fọwọ́ kan bíréèkì. Níbi tí ìlà dúdú ti yọ imú díẹ̀ wọ ọ̀nà wa, ìdí ọkọ̀ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́. Àbúrò mi ké, "Yéè! Bíréèkì!" Bí mo bá gbọ́ tirẹ̀, inú igi ìsàlẹ̀ là bá bá ara wa. Mo yí sítíárì sí ibi tí ìdí ọkọ̀ ń lọ, mo tẹ iná díẹ̀, taya bá di òkúta mú padà. Ó ku ibi tí àpáta méjì ti há ọ̀nà mọ́ra. Mo ká dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọkọ̀ lára, mo sì kọjá láìjẹ́ pé ohunkóhun kàn wá. Nígbà tí a bọ́ sábẹ́ òjìji kòkó, mo pa ẹ́ńjìnnì. N kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀ nínú irú nǹkan báyìí: mo sọ fún wọn pé kò sí awakọ̀ kan láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ẹmùrẹ́ tó lè ṣe ohun tí mo ṣe yẹn. Bàbá mi ní òótọ́ ni.

Wọ́n ti wà níbẹ̀. Baálẹ̀ jókòó sórí kùkùté, àwọn àgbà abà mẹ́ta tì í. Opó náà dúró lápá kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ. Àbúrò mi kí gbogbo wọn pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti borí. Ibi tí kòkó wa parí sí, ìlà igi pèrègún kan wà níbẹ̀, ilẹ̀ òkè tí à ń jà sí wà lókè rẹ̀, òkúta ńlá sì wà lópin gbogbo rẹ̀. Ohun tí àbúrò mi ti ń sọ kiri ni pé òkúta yẹn ni ààlà, pé pèrègún kàn jẹ́ ọgbà lásán. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, gbogbo èèyàn ń tọ̀ wá lẹ́yìn.

Nígbà tí a dé ibi pèrègún, ó dúró. Ó na ọwọ́, ó fi ọwọ́ pa ara igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àbúrò mi ní, "Bàbá, ó kù díẹ̀. Òkè níbẹ̀ ni."

Bàbá mi ní, "Mo ti dé."

Bàbá mi wá bèèrè, kò bi ẹnìkan ní pàtó: "Igi kòkó mélòó lẹ rí lókè níbẹ̀? Obì ńkọ́? Ọ̀pẹ kan ṣoṣo?"

Mo gbójú sókè. Pákí ni, iṣu ni, àgbàdo tó ti gbẹ. Kò sí igi kan. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti wú pákí lórí ilẹ̀ yẹn láti kékeré, n kò sì bi ara mi rí pé kí ló dé tí ọkùnrin tí kì í rí àyè kó má gbin kòkó sí i, kò gbin ẹyọ kan síbẹ̀. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ ọ́n: ẹni tí a bá yá nílẹ̀, ohun tí yóò jẹ ló ń gbìn síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Igi ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Bàbá mi wá rò ó fún wọn. Iná ọyẹ́ ló jó kòkó rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n bí mi. Ọkọ opó yìí ló ní kó máa wá gbin ohun tí òun àti aya rẹ̀ á máa jẹ sí ilẹ̀ òkè, títí kòkó tuntun á fi so. Nígbà tí kòkó so, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ dá ilẹ̀ padà, opó náà bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì máa dá a ná, kí igbó má baà gbà á, pé àwọn ọmọ òun kéré. "Pèrègún yìí," ó ní, "èmi àti ọkọ rẹ̀ la jọ fi ọwọ́ gbìn ín. Ulẹ̀ ọ̀hún, tiwọn ni. Àwọn ọmọ ti dàgbà. Kí wọ́n máa mú un lọ."

Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá, ẹ ò sọ fún wa!"

"Ta ló bi mí?" bàbá mi dáhùn. "Ìwọ lò ń sọ ohun tí màá sọ fún gbogbo ayé. Mo ní kí ẹ gbé mi dé ojú ààlà. Ẹnìkan bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ sọ níbẹ̀?"

Opó náà fi ìró nu ojú. Ó ní òun ti rò pé bàbá mi ti gbàgbé, tàbí pé ó ti gbà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ opó náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ewé kòkó, ó ní pákí àti iṣu tó wà nílẹ̀, tiwa ni, kí a wú u nígbà tó bá tó. Baálẹ̀ dìde lórí kùkùté, ó ní ọ̀rọ̀ parí.

Inú bí mi. N ò ní parọ́ fún ẹ. Mo ti ha abẹ́ ọkọ̀ mi, mo ti fẹ̀mí wa wéwu lórí òkúta, gbogbo rẹ̀ kí n lè gbé bàbá mi lọ fi ilẹ̀ wa lélẹ̀ fún ẹlòmíràn! Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, mo bi í pé kí ló dé tí kò kúkú sọ ọ́ nílé, kí a sinmi.

Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́ nílé, ẹ̀yin méjèèjì á ní ogbó ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá sì kú láì tíì sọ ọ́, ẹ ó jà á, ẹ ó borí, torí àbúrò rẹ lẹ́nu. Ẹ ó wá gbin kòkó síbẹ̀." Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ohun tó ń lé oorun lójú mi nìyẹn, kì í ṣe ojú tó ń fọ́."

Ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú bàbá mi lọ kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó rọ̀. Ó ń sùn dáadáa. Àbúrò mi bínú fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà òun àti ọmọ opó náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn sí àáró, wọ́n á dá oko ti ẹni yìí lónìí, wọ́n á dá ti ẹnì kejì lọ́la. Ní ti èmi, mo ṣì máa ń fi ìwakọ̀ ọjọ́ yẹn yangàn ní gáréèjì, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa fi mí ṣẹ̀sín, pé mo gun àpáta torí ilẹ̀, mo sì padà wálé láìní i. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo mọ ibi tí tiwa parí sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ilẹ̀ tó tóbi ju tiwa lọ, tí wọn ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀.